Sípíkà Tí Mo Fi Oríkèé Ìka Rà

Ní ọjọ́ kan nígbà èwe mi, mo kan ìkòkò kan ní Ọjà'ba, ìró rẹ̀ gun òkè Mápó, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ó yà kí wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, kó tó wá lọ dé Kúdẹtì. Oṣù ààwẹ̀ la wà. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n rò pé àsìkò ìrun Mọ̀gàríbì ti tó, ni wọ́n bá ṣínu. Oòrùn ṣì wà lókè o! Lèmọ́mù àdúgbò náà gan-an ti mu ẹ̀kọ tán kó tó gbójú sókè. Gbogbo wọn ló gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà, títí di òní, bí mo bá gba ọ̀hún kọjá, àwọn àgbà ibẹ̀ a máa wò mí ní ìwòkuwò. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ìkòkò náà. Ó ti fọ́.

Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yẹn. Oníkòkò ni, ìsàlẹ̀ Mápó ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Mo mọ ìkòkò tó sán kí n tó mọ ABD. Ìwé kejì ni mo kà dé. Olùkọ́ ní kí n máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mo ṣì ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ra ìkòkò nìyí: ẹ ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ ó fi oríkèé ìka ọ̀tún kàn án. Bó bá dún bí agogo, ó jiná, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bó bá dún pọ̀tọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbá ẹ̀kọ tútù létí, ẹ rọra gbé e kalẹ̀, kí ẹ kí ìyá oníkòkò pé ó dàbọ̀. Ojú kò wúlò níbi ọjà yẹn. Àwọn tó ń mọ ìkòkò a máa fi amọ̀ tútù dí ojú ibi tó sán, wọ́n á fi eérú kùn ún, á máa dán. Ìyá mi ní ìró nìkan ni kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, òun gan-an ló sì kó bá mi.

Ìyá ilé wa, ìyàwó mi, lọ̀rọ̀ náà kàn. Ìjà ni èmi àti ẹ̀ fi gbé ilé. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìjà rédíò ni. Ètò kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun Làásàrì, tí àwọn tọkọtaya ń gbé ẹjọ́ ilé wọn wá síwájú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìyàwó ni èmi máa ń wà. Ẹ̀yìn ọkọ ni òun máa ń wà. Mi ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ rí.

Èmi á ní, "Ọkùnrin yẹn ló jẹ̀bi."

Òun á ní, "Kí lẹ mọ̀? Obìnrin tó ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ láti ìjọ́ Mọ́ńdè, kí lẹ fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣe? Kó máa lá òógùn ara ẹ̀?"

"Ó lè lọ ra iyọ̀ fúnra ẹ̀."

"Ẹ̀yin, ìgbà wo lẹ ra iyọ̀ kẹ́yìn?"

Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bá a lọ títí wọn á fi pe ìrun Ìṣáì. Àwọn tó gbé ẹjọ́ wá á ti parí tiwọn, wọ́n á ti lọ sílé, àwa á ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ibà kan dá a dùbúlẹ̀. Ibà lọ, ó mú etí rẹ̀ dání lọ. Ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Ìlọrin mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ etí. Ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní ìrẹ̀ ló ń ké nínú ẹ̀, òun kò sì lè gba ìrẹ̀ lálejò lọ́jọ́ ogbó òun. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya, gbogbo Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ń gbọ́ ọ. Mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìdí ń dùn mí. Kí n tó dé mọ́ṣáláṣí, àwọn ènìyàn ti ń bi mí léèrè pé, "Bàbá, ìdí ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ó ti ń gbà fún mi. Ohun tí mo bá sọ, yóò máa wo ẹnu mi, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ó dáa." Mo ní òjò máa rọ̀: ó dáa. Mo ní ọkùnrin inú rédíò jẹ̀bi: ó dáa. Mo dán an wò, mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọmọge tó ń ta káàdì fóònù níwájú ilé wa: ó dáa. Ẹ gbà mí, ará Ìbàdàn! Láti ọjọ́ tí mo ti gbé obìnrin yìí níyàwó ni mo ti ń wá kó gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ìgbà tó wá ń gbà, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn tó há, tí ilẹ̀kùn wá ṣí lójijì, tí onítọ̀hún dojú bolẹ̀ nínú ilé.

Ẹ̀rọ rédíò wà nílé, ọmọ wa náà ló rà á, ó tóbi, ó ń tan iná pupa tan iná àwọ̀ ewé. Àmọ́ sípíkà méjì tó bá a wá kò ju agolo mílíìkì lọ. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yín lágbára dáadáa. Sípíkà ni kò ní. Ẹ wá èyí tó ga, tí ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ á máa mi ilẹ̀. Ìyá lè gbọ́ nǹkan kan nínú ìyẹn."

"Ó lè gbọ́ ọ, àbí ó máa gbọ́ ọ?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo dá etí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó rà á o."

"Ta lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Èmi?"

Mo pe ọmọ wa lórí fóònù, ó ní kò le, òun máa rà á lórí fóònù níbẹ̀, wọ́n á gbé e wá bá mi nílé. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, sípíkà dúdú ń kọrin, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń jó níwájú ẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohùn fóònù mi ni mò ń gbọ́ yìí, kì í ṣe ohùn sípíkà. Ta ló ń ra nǹkan láì kàn án wò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ti dé. Mo yangàn lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo mọ̀ ni.

Ní gbogbo àdúgbò wa, ilé Alájì kan tó jẹ́ aládùúgbò wa nìkan ni sípíkà ńlá wà. Méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé. Kí Alájì tó lọ sí Mẹ́kà, kò sí ẹni tó lariwo tó o láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ. Bó bá ti tan ẹ̀rọ, omi inú àmù wa á máa jó, adìẹ tó sàba á dìde kúrò lórí ẹyin, ẹyin náà á sì pa fúnra ẹ̀. Ó ti Mẹ́kà dé, ó fi orin sílẹ̀ pátápátá. Ó da aṣọ funfun bo sípíkà méjèèjì, ó ń gbé kẹ́tùrù àlùwàlá lé ọ̀kan lórí, ó ń ká ẹní ìkírun lé èkejì. Láti ọdún náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Alájì wá kú. Ikú wọ́ọ́rọ́ ni, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ jókòó, wọ́n pín ohun tí wọ́n máa pín. Àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé ní Èkó ni ẹrù pálọ̀ kàn. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ ta sípíkà, ni mo bá wọ bàtà, mi ò tilẹ̀ rántí pé ti ìyá ilé wa ni mo wọ̀.

Mo bá a ní pálọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá tó wà lápá ọ̀tún ní kọ́tìnì, ìyàwó Alájì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣe opó. Opó wọn nílé yẹn, ti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni: obìnrin kì í jáde, kì í sì í bá ọkùnrin sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé, títí yóò fi parí. Sípíkà méjèèjì dúró sí igun ilé nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n dà bí Alájì méjì tó ń dúró de ọkọ̀ òfúrufú.

Àkọ́bí dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Bàbá, ẹ̀ ń wo sípíkà?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ ná."

"Háà, Bàbá! Ilé ọ̀fọ̀! A ò tíì ṣe fídáù ogójì. Ìyàwó bàbá wa ń ṣe opó lẹ́yìn kọ́tìnì yìí, ẹ wá ní kí n tan orin?"

"Mi ò ní orin. Jẹ́ kó kàn hó díẹ̀."

"Kó hó? Kí àwọn ará àdúgbò lè sọ pé ọmọ Alájì ń ṣe fàájì lórí ilẹ̀ tó ṣì tutù?"

Ó sọ òótọ́. Mo ṣe ohùn mi jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó dáa, jẹ́ kí n gbé e délé. Mo máa dán an wò lọ́dọ̀ mi. Bí kò bá dáa, mo gbé e padà wá."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún wa níjọ́ fídáù pé ohun tó bá ti jáde nílé òkú kì í padà wọlé. Ẹ ní ó ń fa nǹkan. Torí ẹ̀ ni àga ìjókòó wa kan ṣe wà nílé yín."

Òótọ́ ni mo sọ ọ́. Wọ́n gbé àga kan fún mi jókòó níta lọ́jọ́ fídáù, àga náà sì bá ẹ̀yìn mi mu gan-an. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé ni ọ̀rọ̀ àgbà já bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n bẹ̀rù, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Báyìí ni èmi fúnra mi ṣe fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Àkọ́bí ní, "Lọ́la ni ọkọ̀ ń bọ̀, gbogbo ohun tó bá kù ló ń kó lọ sí Èkó. Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀ ń gbé e, àbí ẹ ò gbé e?"

Mo dúró síwájú àwọn àpótí náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rọrùn fún ẹni tí kò ní nǹkan tó ń wá. Mo ká aṣọ funfun sókè, mo rí aṣọ dúdú tí wọ́n kàn mọ́ ojú wọn pinpin, kò jẹ́ kí ènìyàn rí inú. Mo wo ẹ̀yìn wọn, ìdè irin tó wà níbẹ̀ ti dógùn-ún, kò sẹ́ni tó lè tú u láìlo òòlù. Mo gbé etí lé ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo gbọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí eku bá ti jẹ inú rẹ̀ ńkọ́? Bí òjò ọdún wọnnì bá ti jò sí i ńkọ́? Mo ro ti pé kí n fi í sílẹ̀, kí n padà sílé. Mo sì ro ohun tó wà nílé: ìyá ilé wa níwájú rédíò tí kò gbọ́, tó ń bá mi jókòó síbẹ̀ nítorí kí n má dá jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín bí àlejò. Kí ọkọ̀ wá gbé sípíkà lọ lọ́la, kí n máa rò ó títí n ó fi kú pé bóyá òun ni ì bá là á létí?

Nígbà tí mi ò rí ohun mìíràn ṣe, ọwọ́ mi ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi oríkèé ìka kan èyí tó wà lápá òsì.

Ẹ̀yin ènìyàn! Ó dún! Ó dún gbọ̀ọ̀ọ́n, ìró náà yí inú àpótí ká, ó jáde sí mi lójú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kan nǹkan, mi ò kan irú ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, opó húkọ́.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó Alájì. Ọlọ́run á fún yín ní sùúrù."

Mo kan ti apá ọ̀tún. Gbọ̀ọ̀ọ́n! Ohùn kan náà, bí ìbejì. Opó tún húkọ́, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ẹ má sunkún mọ́," mo ní. "Bí ẹni ire bá lọ, ohun ìní rẹ̀ a máa rántí rẹ̀."

Mo tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, fún adùn rẹ̀ lásán. Ikọ́ tó jáde lẹ́yìn kọ́tìnì báyìí, ó dà bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun. Àkọ́bí sáré gbé omi wọlé fún un. Mo mi orí, mo ní ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn, mo sì yọ owó.

Ọlọ́kadà kò lè gbé e, kẹ̀kẹ́ elẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà á fi ọwọ́ kan gbé ọ̀kan sókè, ó gbé e wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, sípíkà yín fúyẹ́ o."

"Ohùn kì í wúwo," mo ní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ.

Ìyá ilé wa ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tí a gúnlẹ̀. Ó wo àpótí méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa." Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé kó dúró ná, ọ̀rọ̀ yẹn máa tó kúrò lẹ́nu ẹ̀. Mo so wáyà, mo tan ẹ̀rọ. Iná pupa tàn, iná àwọ̀ ewé tàn. Kẹ́kẹ́ pa. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè títí kò fi lè yí mọ́. Mo pààrọ̀ wáyà, mo gbá a lórí, mo ṣe bísímílà. Ohùn kankan kò jáde. Ni mo bá ránṣẹ́ sí ọmọ Bẹẹrẹ.

Ó wá, ó fi òróró sí ìdè irin, ó fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn àkọ́kọ́. Ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó ṣí ìkejì, ó tún yọjú. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

"Bàbá, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Báwo ni kò ṣe sí nǹkan? Mo kàn án. Ó dún!"

"Ó máa dún, Bàbá. Àpótí lásán ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó fúnra mi. Wáyà kan ṣoṣo ló rọ̀ níbẹ̀ bí ìwọ́ ọmọ tuntun, àti aláǹtakùn kan tó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ohun tí mo ṣe ti yé mi. Ta ló ń ra ìkòkò tí nǹkan wà nínú ẹ̀? Ìkòkò tó kún kì í dún. Òfìfo ló ń dún. Láti kékeré ni mo ti ń kọ́ etí mi pé kó fẹ́ràn òfìfo, ó sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí ìyàwó Alájì parí opó, ó ń kí àwọn ará àdúgbò káàkiri, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo húkọ́ títí ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ọdún tí Alájì ti Mẹ́kà dé ló ti yọ gbogbo inú ẹ̀ dà nù, kí àwọn ọmọ má baà tún tan án lẹ́yìn òun. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ ọjà, ni mo ṣe ń húkọ́. Ẹ̀yin wá ń ní kí n má sunkún mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ikọ́ náà. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọmọ Bẹẹrẹ ti lọ. Àpótí méjèèjì wà níwájú ilé, ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀. Ìyá ilé wa gbé ẹ̀wà kúrò lórí itan, ó dìde, ó wá ki orí bọ inú ọ̀kan, ó yọ ọ́ jáde, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Kí lẹ rà yìí?"

"Sípíkà ni."

"Èwo ni sípíkà? Ṣé ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó rà á?"

"Mo kàn án. Ó dún."

"Orí yín náà, bí mo bá kàn án báyìí, ó máa dún!"

"Obìnrin yìí, tìtorí ẹ ni mo ṣe rà á o!"

"Tìtorí mi? Èmi ni mo ní kí ẹ lọ ra pósí méjì sílẹ̀ fún wa, tiyín lápá òsì, tèmi lápá ọ̀tún?"

"Ìwọ lo jẹ̀bi! Ká ní o gbọ́ràn ni, kí ni mo fẹ́ fi sípíkà ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi! Ẹni tó ń ta ìkòkò, kó máa ta ìkòkò!"

A jà á títí wọ́n fi pe ìrun Ìṣáì. Àwọn aládùúgbò wá bẹ̀ wá, àwọn kan gbè sẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan gbè sẹ́yìn mi, ẹ̀wà kò jiná lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Ibi tí mo ti purọ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wá a kiri: ìjà yẹn ni. Kò sí ìjà. Ọ̀rọ̀ pósí tí mo ní ó sọ, èmi ni mo sọ ọ́ sínú ara mi bí mo ṣe dúró ti àwọn àpótí náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ nítorí mo mọ bí ì bá ṣe sọ ọ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀, ó wá wo inú àpótí, ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. Mo pariwo fún un pé mo ti tan ara mi jẹ. Mo tún pariwo pé mo kàn fẹ́ kó gbọ́ rédíò ni. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lápá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa," ó padà sídìí ẹ̀wà.